Ọkọ̀ Òkun l'Ókè-Àdó

Kò sí òkun n'Íbàdàn.
Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ìró omi lóru
kó dúró kí òjò bẹ̀rẹ̀ lórí páànù.
Síbẹ̀, ọkọ̀ òkun ni mò ń kàn
ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa l'Ókè-Àdó,
lẹ́yìn tí mo bá ti fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ,
tí oníbàárà tó fẹ́ gba ṣòkòtò lónìí ti bínú lọ.

Igi arère ni mo fi ń ṣe é,
èyí tí Bísíríyù ń là fún mi nídìí pákó ní Ṣáńgo,
tó máa ń bi mí pé,
"Télọ̀, pósí ta lẹ fẹ́ kàn tó kéré báyìí?"

Àkọ́kọ́, ojú ni mo fi wọ̀n ọ́n.
Ojú tó ń gé agbádá láì fi tépù kan aṣọ,
ojú ọ̀hún ló tàn mí.
Apá ọ̀tún fi ìwọ̀n èékánná kan gùn ju òsì lọ.
Mo ní, ta ni yóò rí i?
Omi rí i.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, oṣù Agẹmọ ni, òjò kò dáwọ́ dúró.
Gọ́ọ̀mù kò tíì gbẹ tí mo ti gbé òpó lé e.
Ó dúró. Ó rẹwà. Mo pe ará àdúgbò wá wò ó.
Nígbà tí ọyẹ́ gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé,
ìdí ọkọ̀ là bíi gìgísẹ̀ àgbẹ̀.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta, n kò ní purọ́, inú mi dùn jù.
Mo ti dé e pa, mo ti kùn ún lọ́dà búlúù,
kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀mú kékeré mi kiri ilé.
Ẹ gbọ̀n ọ́n wò. Ẹ ò gbọ́ bó ṣe ń dún?
Ẹ̀mú náà nìyẹn, ó wà nínú rẹ̀ títí dòní,
èrò kan ṣoṣo tó wọkọ̀ láì sanwó.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú,
bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.
Èmi, nígbà tí gbogbo wọn dojú dé
lọ́kọ̀ọ̀kan nínú bàsíà ìfọṣọ,
ìsàlẹ̀ ni mo wò.

Mo rí ọdún Omíyalé nísàlẹ̀ ibẹ̀,
ọdún tí Ògùnpa kọ ojú odò sílẹ̀,
tó gba ojú títì, tó wọlé wa láì kágò.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí, mo di ìró màmá mi mú.
Ó gbé Ìdògbé, ọmọ oṣù mẹ́fà, sínú bàsíà,
bàsíà tẹ̀, omi fẹ́ wọ̀ ọ́.
N kò gbọ́ kí màmá ké.
Orí ẹ̀rọ ìránṣọ ló fà, irin gbàǹgbà,
ló gbé e sí òdìkejì ọmọ.
Bàsíà dúró.
Ó ń tì í lọ nínú omi tó mù ún dé ìbàdí,
ó ń bá bàsíà sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́
bí ẹni ń da ewúrẹ́ wálé.

Ó lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń gbé ẹ̀kọ́ yẹn kiri
láì mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, mo tú ẹ̀rọ màmá, ó ti dákẹ́ tipẹ́,
mo yọ bọ́bìnnì mẹ́ta nínú àpótí rẹ̀,
mo tò wọ́n sí ìdí ọkọ̀,
ọ̀kan lápá ọ̀tún, méjì lósì,
nítorí ọwọ́ mi ṣì wọ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ n sòótọ́.

Ní Ẹlẹ́yẹlé, láàárọ̀ Sátidé,
Mọrádéún, ọmọ Ìdògbé, gbé e lé omi.
Afẹ́fẹ́ fẹ́. Ó tẹ̀.
Ó rántí ara rẹ̀, ó dìde.
Apẹja kan ké láti inú ọkọ̀ ọlọ́pọ́n rẹ̀
pé òpó iwájú yẹn mà wọ́ o.
Mo rí i. Láti ilé ni mo ti rí i.
Ìyẹn dọwọ́ ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún.